Ohio State 2024: ṣé àwọn márùn-ún iwájú ni kò dára, àbí ẹni tó ń pe eré?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Ọmọ mi wà ní Yunifásítì Ohio State, òun ló sọ mí di ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tipátipá. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024, Michigan wá bá wa nílé ní Columbus, wọ́n sì fi 13 sí 10 nà wá. Ìgbà 26 la gbé bọ́ọ̀lù sáré, yáàdì 77 péré la rí. Gbogbo ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀ ló ní àwọn márùn-ún tó ń dènà níwájú kò wúlò rárá. Kò tó oṣù méjì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní ọdún 2025, àwọn kan náà ló wà níbẹ̀ tí a fi na Notre Dame 34 sí 23, tí a sì gba ife gbogbo yunifásítì. A sáré ju 200 yáàdì lọ lọ́jọ́ yẹn. Èwo ni ká wá gbàgbọ́? Kí lèèyàn tiẹ̀ ń wò kó tó lè sọ pé àwọn márùn-ún yìí dára tàbí wọn ò dára?

* * *

Ẹ má tíì gba ìkankan gbọ́ nínú méjèèjì.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe ni pé wọ́n á mú àpapọ̀ yáàdì, wọ́n á fi iye ìgbà tí wọ́n sáré pín in, wọ́n á ní mẹ́ta ni tàbí mẹ́fà ni, ìdájọ́ ti dé nìyẹn. Ẹ wo ọjọ́ Notre Dame tí ẹ ń wí. Quinshon Judkins, ọ̀kan nínú àwọn tó ń sáré fún wa, gbé bọ́ọ̀lù ní ìgbà 11, ó rí yáàdì 100. Lójú ìwé, ó lé ní yáàdì mẹ́sàn-án lẹ́ẹ̀kan. Ta ló máa bú àwọn tó ń dènà fún irú ẹni bẹ́ẹ̀? Ṣùgbọ́n ẹyọ kan ṣoṣo nínú 11 yẹn jẹ́ yáàdì 70. Ẹ yọ ọ́ kúrò: ìgbà 10, yáàdì 30. Mẹ́ta-mẹ́ta ni. Ẹ wá fi 26 pín 77 ti ọjọ́ Michigan, kí ẹ wò ó bóyá méjèèjì jìnnà síra tó bí ariwo ṣe pọ̀ tó.

Mi ò sọ pé 70 yẹn kò níyì. Ìbẹ̀rẹ̀ ìlàjì kejì ló ṣẹlẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ìdíje náà. Ohun tí mò ń sọ ni pé àwọn márùn-ún iwájú ló ni yáàdì díẹ̀ àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ Judkins ló ni ìyókù. Àwọn oníṣirò ti mọ̀ èyí ó pẹ́. Wọ́n ní ìwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní line yards: láti òdo dé yáàdì mẹ́rin, àwọn adènà ló ni gbogbo rẹ̀, láti márùn-ún dé mẹ́wàá, ìdajì ni tiwọn, ohun tó bá kọjá mẹ́wàá, wọn ò fún wọn ní nǹkan kan níbẹ̀. Bí wọ́n bá sì mú ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ilà tí eré ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ka gbogbo yáàdì tó sọnù sí wọn lọ́rùn, wọ́n á tún fi ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ kún un.

Nǹkan kejì tó ń ba ìṣirò jẹ́: ní bọ́ọ̀lù yunifásítì, bí wọ́n bá gbá quarterback, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, lulẹ̀ nígbà tó fẹ́ jù ú, yáàdì tó sọnù níbẹ̀, inú àkọsílẹ̀ sísáré ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Ní NFL, líìgì àwọn tó ń gbowó, inú àkọsílẹ̀ jíjù ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fi àpapọ̀ yáàdì sísáré yunifásítì bá yín jiyàn, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó ti yọ quarterback kúrò. Bí ẹ bá yọ ọ́ kúrò ní ti ọjọ́ Michigan, ó ṣì burú. Ṣùgbọ́n ó yẹ kéèyàn mọ ohun tó ń kà.

* * *

Ẹ̀gbọ́n kan kọ̀wé láti Houston pé gbogbo ìṣirò yìí ò pọn dandan, pé kí a ka iye àwọn tí NFL mú nínú àwọn adènà náà nígbà tí wọ́n ń yan àwọn ọmọ yunifásítì lọ́dọọdún. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká kà á. Lọ́dún 2025, Minnesota Vikings mú Donovan Jackson ní ipò 24, Kansas City Chiefs mú Josh Simmons ní ipò 32. Ènìyàn méjì láti inú ọ̀wọ́ kan náà, ìpele àkọ́kọ́ ni wọ́n ti mú àwọn méjèèjì. Bí kíkà ẹni tí NFL mú bá tó, ó yẹ kí Ohio State máa tẹ gbogbo ayé mọ́lẹ̀.

Simmons kò sí lórí pápá lọ́jọ́ Michigan. Ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá ló ti fara pa ní Oregon, níbi tí wọ́n ti fi 32 sí 31 nà wá. Nínú àwọn márùn-ún, center ló wà láàárín, gáàdì méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tackle méjì wà ní ìpẹ̀kun. Simmons ni tackle òsì, ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn quarterback. Lẹ́yìn náà ni Nebraska wá, a fi 21 sí 17 yọ, yáàdì 64 la sáré. Ni wọ́n bá gbé Jackson kúrò nípò gáàdì òsì, wọ́n sọ ọ́ di tackle láàárín ọdún, ìdíje Penn State ló sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun náà, níbi tí Abdul Carter, ẹni tó ń lé quarterback fún wọn, ti ń dúró dè é. Carson Hinzman bọ́ sípò gáàdì. Kí gbogbo rẹ̀ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, Seth McLaughlin tó jẹ́ center tún fara pa ní ìdánrawò, ní ọ̀sẹ̀ tí a fẹ́ bá Indiana ṣe. Hinzman tún sún sí àárín, wọ́n sì tún wá ẹlòmíràn sí gáàdì.

Ìdí nìyí tí mi ò fi gba ọ̀rọ̀ "àwọn márùn-ún kan náà" tí ẹ ń sọ wọlé bẹ́ẹ̀. Ohio State tó bẹ̀rẹ̀ ọdún kọ́ ló bá Michigan ṣe. Àwọn tó bá Michigan ṣe náà, ẹsẹ̀ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ra ni. Nígbà tí oṣù kìíní fi dé, wọ́n ti jọ ṣe ìdíje mélòó kan. Ẹni tí NFL mú, ẹnì kan ni wọ́n wọ̀n. Àwọn márùn-ún iwájú kì í ṣe ènìyàn márùn-ún tí a kó jọ.

* * *

Ẹ jẹ́ kí n fi ọmọ wa kan kún un, nítorí ó wúlò fún ẹ̀gbọ́n Houston.

Olusegun Oluwatimi, ọmọ Maryland, wà ní Yunifásítì Virginia títí di ọdún 2021. Ẹgbẹ́ tó ń ju bọ́ọ̀lù ni wọ́n: quarterback wọn, Brennan Armstrong, ju yáàdì 4,449 lọ́dún yẹn nìkan. Ẹni tó bá ka àkọsílẹ̀ sísáré Virginia kò ní rí ìdí kankan láti wo center wọn lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́dún 2022 ó kó lọ sí Michigan, níbi tí wọ́n ti ń sáré láàárọ̀ títí di alẹ́. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá, wọ́n sáré yáàdì 418 lórí Penn State, 41 sí 17. Nígbà tí ọdún fi parí, Oluwatimi ti gba Rimington Trophy, tí wọ́n ń fún center tó dára jù, ó sì tún gba Outland Trophy, ẹ̀bùn mìíràn fún àwọn tó ń jà ní ilà iwájú, tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbà rí ní Michigan. Gbogbo ọ̀wọ́ wọn gba Joe Moore Award, ẹ̀bùn tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2015 fún àwọn márùn-ún iwájú lápapọ̀.

Ó dáa, ẹni yìí tí wọ́n ní kò sí irú rẹ̀ ní gbogbo yunifásítì, ipò wo ni NFL ti mú un? Ìpele karùn-ún, ipò 154, Seattle. Ẹ̀gbọ́n, ẹ dá mi lóhùn.

Center ni ìyáàlù àwọn márùn-ún iwájú. Kí bọ́ọ̀lù tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti wo bí àwọn alátakò ṣe tò, ó ti tọ́ka sí ẹni tí wọn máa fi bẹ̀rẹ̀ kíkà, ó ti pariwo ohun tí àwọn mẹ́rin yòókù máa ṣe. Bí ó bá ka ẹnì kan ní àṣìṣe, ẹni náà á gbà wọlé láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án, àwa tí a ń wò nílé á sì máa bú gáàdì.

* * *

Ìbéèrè kan láti ọ̀dọ̀ àǹtí kan tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù yìí nílé ìwé girama: ṣé bí ọmọ bá ṣe sanra sí ni?

Rárá o. Ó gbọ́dọ̀ tóbi, mi ò ní parọ́ fún yín, owó oúnjẹ á sì fojú yín rí nǹkan. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2024 tí a ń sọ yìí, Army ni wọ́n fún ní Joe Moore Award. Ilé ẹ̀kọ́ ológun ni Army, àwọn ọmọ tó kéré sí ti Ohio State dáadáa. Wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ju bọ́ọ̀lù. Quarterback wọn, Bryson Daily, fẹsẹ̀ ara rẹ̀ gba touchdown 32 wọlé lọ́dún kan (touchdown ni kí bọ́ọ̀lù dé inú ilé alátakò). Ohun tí wọ́n ní ni pé gbogbo wọn ń gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì mọ ẹni tí wọ́n ń lọ bá. Notre Dame ṣá fi 49 sí 14 fọ́ wọn ní Yankee Stadium ní oṣù kọkànlá. Nítorí náà, ẹ máa wo ẹni tí wọ́n bá ṣe pẹ̀lú.

Ọmọ àbúrò mi ń ṣe gáàdì nílé ìwé girama. Lọ́jọ́ kan ó gbá ọmọ kan mọ́lẹ̀ débi pé gbogbo àwa tó wà níbẹ̀ dìde, màmá rẹ̀ ń pariwo oríkì. Nígbà tí kóòṣì wo fídíò tó sì fún olúkúlùkù ní máàkì, òdo ni wọ́n kọ síwájú ọmọ wa fún eré yẹn. Ẹni tó gbá mọ́lẹ̀ kọ́ ni wọ́n ní kó lọ bá. Linebacker, alátakò tó dúró lẹ́yìn ilà iwájú wọn, tó yẹ kó lọ bá ló mú ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù. Bí àwọn kóòṣì ṣe ń wò ó nìyẹn: ṣé o lọ sọ́dọ̀ ẹni tí iṣẹ́ gbé ọ lọ? Ṣé ẹsẹ̀ àti ọwọ́ rẹ wà níbi tó yẹ? Ṣé o borí? Wọ́n á tẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀. Ibi tí PFF, ilé iṣẹ́ oníṣirò bọ́ọ̀lù kan, ti máa ń já mi kulẹ̀ nìyí. Wọ́n ń fún gbogbo eré ní máàkì láti òdì méjì dé méjì, iṣẹ́ ńlá ni, mo sì ń kà á. Ṣùgbọ́n wọn kò sí nínú yàrá tí kóòṣì ti sọ fún gáàdì ẹni tó máa lọ bá.

* * *

Ẹnì kan kọ èyí: "Gbogbo ohun tí ẹ ń sọ yìí, àwáwí ni. Ọ̀wọ́ tó dára máa ń sáré nígbà tí gbogbo ayé mọ̀ pé sísáré ló kàn. Ẹ wo Michigan 2023 ní Penn State."

Ọ̀rọ̀ gidi nìyí, òun sì ni mo ti ń dúró dè. Ní ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ọdún 2023, Michigan parí ìdíje yẹn pẹ̀lú eré sísáré 32 tẹ̀léra nínú àkọsílẹ̀. Wọn ò jù ú mọ́. Àwọn ará Penn State mọ̀, àwọn tó ń ta gúgúrú mọ̀, 24 sí 15 ló sì parí sí. Kò sí ìdánwò tó ju ìyẹn lọ fún àwọn adènà.

Ó yẹ ká gbé Ohio State 2024 lé orí ìwọ̀n kan náà. Ní ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá, ní Penn State yìí kan náà, a ti fi 20 sí 13 ṣíwájú, wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ilé wa, a kọ̀ fún wọn, bọ́ọ̀lù sì bọ́ sí wa lọ́wọ́ ní yáàdì kan péré sí ilé ara wa. Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún àti díẹ̀. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé a máa sáré. A sáré, a ń sáré lọ, bọ́ọ̀lù kò padà sọ́wọ́ Penn State mọ́ títí aago fi parí. Jackson ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣe tackle fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ yẹn o!

Ta ló wà láàárín? McLaughlin. Ẹni tó wá láti Alabama, tí wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 nítorí bọ́ọ̀lù tó ń fi ránṣẹ́ sẹ́yìn lódìlódì nínú Rose Bowl tí wọ́n bá Michigan ṣe. Òun ló padà gba Rimington Trophy ti 2024, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ṣe ọdún náà dé òpin. Bí ẹ bá bi mí léèrè, ìgbà tí òun wà àti ìgbà tí kò sí ni kí a fi pín ọdún yẹn sí méjì. Gbogbo èèyàn ń sunkún Simmons, nítorí pé tackle òsì ló ń gbówó jù. Ibi tí sísáré ti bàjẹ́ ni àárín.

* * *

Ẹ jẹ́ ká wá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń pe eré, kóòṣì tó ń yan bóyá wọ́n á sáré tàbí wọ́n á jù ú, nítorí orí rẹ̀ ni ìjà wà.

Ohun tí àwọn èèyàn ń sọ ni pé agídí pa wá lọ́jọ́ Michigan. Chip Kelly ló ń pe eré, Ryan Day ni olórí kóòṣì. Ìgbà mẹ́ta tẹ̀léra ni Michigan ti nà wá, láti 2021 dé 2023, wọ́n sì ń pè wá ní ọ̀lẹ. Nítorí náà, wọ́n ní Day fẹ́ fi han ayé pé àwa náà lágbára, ló ṣe ń darí bọ́ọ̀lù gba àárín, síbi tí Mason Graham àti Kenneth Grant wà. Àwọn méjì yẹn ni NFL mú ní ipò karùn-ún àti ipò kẹtàlá lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Nígbà náà, Jeremiah Smith, ẹni tí a ń ju bọ́ọ̀lù sí, tó gba touchdown kan ṣoṣo tí a ní lọ́jọ́ náà, ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá.

Ohun tó wà lọ́kàn Day, èmi ò lè bá a mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo lè kà ni orí. Kí bọ́ọ̀lù tó gbéra, ẹ ka iye àwọn alátakò tó wà láàárín tackle sí tackle, láti orí ilà dé bíi yáàdì márùn-ún sẹ́yìn. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́fà, tí ẹ sì ní márùn-ún pẹ̀lú tight end kan (adènà kẹfà, tó tún lè gba bọ́ọ̀lù), ó dọ́gba, ẹ lè sáré. Bí wọ́n bá di méje tàbí mẹ́jọ, ẹnì kan kò ní ẹni tó máa bá a, kò sì sí bí adènà ṣe lè dára tó tí ẹni náà kò ní dé. Ẹ̀bi ta nìyẹn? Àwọn adènà kọ́.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Michigan, kì í ṣe gbogbo ìgbà ni wọ́n kó mẹ́jọ síbẹ̀. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Mo tún fídíò rẹ̀ wò: àwọn ìgbà kan wà tí orí dọ́gba, tí Graham kàn gbé gáàdì wa sẹ́yìn bí ó ṣe wù ú. Ìyẹn, ẹ má pè é ní agídí kóòṣì. Ẹni tó wà níwájú wa lágbára jù wá lọ ni. Ẹ̀bi tí mo ka sí Kelly lọ́rùn ni pé ó rí èyí ní ìlàjì àkọ́kọ́, ó sì tún padà síbẹ̀ ní ìlàjì kejì.

* * *

"Kí ló wá yí padà ní ìparí ọdún?"

Wọ́n jù ú kí wọ́n tó sáré, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ tí a na Tennessee 42 sí 17 nínú ìdíje ife náà, Will Howard, quarterback wa, ti ń wá Smith látìbẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ Oregon ní Rose Bowl, a ti fi 34 sí òdo ṣíwájú kí wọ́n tó gba ohunkóhun. TreVeyon Henderson, tí òun àti Judkins jọ ń pín sísáré, gbé kan sáré yáàdì 66 lọ́jọ́ yẹn. Ẹ wo ibi tí àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn pápá dúró sí kó tó gbéra: ẹ̀rù Smith ti lé wọn jìnnà. Ẹni tó bá ti kọjá ilà àkọ́kọ́ kò rí ẹnì kankan mọ́.

Nítorí náà, ìdájọ́ tèmi, ẹ lè bá mi jà sí i: níbi ìdáàbòbò quarterback, àwọn márùn-ún tó parí ọdún ṣe ohun tí mi ò retí, pàápàá Jackson. Níbi sísáré, wọ́n wà ní agbedeméjì. Judkins rékọjá yáàdì 1,000, Henderson náà rékọjá 1,000, àmọ́ apá kan nínú owó yẹn, gbèsè ni, ọwọ́ Smith ni wọ́n ti yá a.

Àwọn ará Michigan tó ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀ yẹn, ẹ rọra. Lọ́dún 2022 tí ẹ nà wá 45 sí 23, ìgbà 22 ni Donovan Edwards gbé bọ́ọ̀lù, yáàdì 216. Méjì nínú rẹ̀ jẹ́ 75 àti 85. Ẹ yọ wọ́n kúrò kí ẹ rí iye tó kù: ìgbà 20, yáàdì 56. Bẹ́ẹ̀, ọ̀wọ́ tó gba Joe Moore Award ló ń dènà fún un.

* * *

Ẹni tó béèrè padà wá: "Ó yé mi. Kí ni kí n máa wò lórí tẹlifíṣọ̀n báyìí, kí n lè bá ọmọ mi sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́?"

Ẹ gbàgbé bọ́ọ̀lù fún ìṣẹ́jú àáyá kan àkọ́kọ́. Ó ṣòro, ojú á fẹ́ tẹ̀ lé e. Ẹ wo center àti gáàdì méjèèjì: ṣé iwájú ni wọ́n ń lọ, àbí ẹ̀yìn? Níbi tí wọ́n bá ti kọ́kọ́ fọwọ́ kan ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù, ẹ sàmì sí i lọ́kàn. Bí ó bá jẹ́ lẹ́yìn ilà, ẹjọ́ àwọn adènà ni tàbí ti orí tí kò dọ́gba. Bí ó bá ti rìn yáàdì mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó kàn án, tó sì ṣubú síbẹ̀, ẹjọ́ tirẹ̀ ni.

Ẹ tún máa béèrè bóyá eré náà ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ìgbà mẹ́rin ni wọ́n ń fún ẹgbẹ́ láti fi rìn yáàdì mẹ́wàá. Ìwọ̀n tí àwọn oníṣirò ń lò rọrùn: ní ìgbà àkọ́kọ́, kí wọ́n rí ìdajì ohun tí wọ́n ń wá, ní ìgbà kejì, ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún, ní ìgbà kẹta àti kẹrin, gbogbo rẹ̀. Sáré yáàdì méjì nígbà tó ku méjì, iṣẹ́ ńlá ni. Yáàdì mẹ́rin nígbà tó ku mẹ́sàn-án ní ìgbà kẹta, ó ń gbé ìṣirò ga lásán ni.

Bí ẹ bá sì dé pápá fúnra yín, àga ẹ̀yìn góòlù lókè lọ́hùn-ún ni kí ẹ mú, ẹ jẹ́ kí àwọn olówó jókòó sí ẹ̀gbẹ́. Láti ẹ̀gbẹ́, ẹ̀yìn ènìyàn nìkan lèèyàn ń rí. Láti ẹ̀yìn góòlù, ẹ ó rí ihò náà bí ó ṣe ń ṣí, ẹ ó sì mọ̀ kí ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù tó mọ̀ pé kò sí ọ̀nà.

* * *

"Ẹ wá pín ẹ̀bi ọjọ́ Michigan fún mi, kí n lọ sùn."

Ìdajì fún ẹni tó pe eré, nítorí ìlàjì kejì. Ìdá kan nínú mẹ́rin fún àárín wa tí kò ní McLaughlin. Ìyókù, kì í ṣe ẹ̀bi ẹnikẹ́ni nínú wa. Graham àti Grant náà wá síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn.